Kànrìnkàn Inú Fílítà

Mi ò mọ̀ pé omi inú gíláàsì lè dẹ́rù ba àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

Ẹja pupa méjì ni ìyá mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Àpótí gíláàsì wọn fọ́ níbi tí a ti ń kó ẹrù Bàbá wá sílé mi ní Ìkàrẹ́, a bá fi ẹja náà sínú bàsíà lọ́dọ̀ Àǹtí, àbúrò Bàbá obìnrin, ní Ọ̀kà. Láti ìgbà náà, Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń bẹ̀rù pé bí ẹja yẹn bá kú lọ́wọ́ mi, Bàbá ò ní pẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Mo ra àpótí tuntun. Mo da iyanrìn odò sí i lẹ́yìn tí mo ṣàn án títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo gbin ewéko omi sí i, mo so fílítà tó ń fa omi gba inú kànrìnkàn mọ́ ọn. Ẹni tó tà á fún mi kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ tíì kó ẹja sí i. Ó ní àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ín kan tí ojú ò rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ nínú kànrìnkàn fílítà náà. Àwọn ni yóò máa jẹ ìdọ̀tí ẹja kó má baà di májèlé. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, àyà mi á já, nítorí omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn gba ibẹ̀ kí wọ́n má baà kú. Jẹnẹrétọ̀ tí mi ò jẹ́ tan nítorí tẹlifíṣọ̀n, mo ń tan án fún omi tí kò lẹ́ja nínú. Àwọn ará ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá a máa jókòó síwájú àpótí náà láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Ṣé ó ti tó?”

“Ó kù díẹ̀, Bàbá.”

Nígbà tó yá, kànrìnkàn náà pọ́n bí ilẹ̀, ó sì ń yọ̀. Inú mi ò dùn sí ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe Àǹtí l'Ọ̀kà pé kí wọ́n máa gbé ẹja bọ̀.

Wọ́n gbé wọn dé nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí. Mo sáré lọ ra búrẹ́dì tí Àǹtí yóò jẹ. Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin ilé wa kì í jókòó lásán nílé ọmọ. Ohun tó bá dọ̀tí, wọn á fọ̀ ọ́, kí ọmọ lè mọ̀ pé òun lẹ́nì kan. Nígbà tí mo dé, kànrìnkàn ti wà lórí okùn nínú oòrùn, ó mọ́ nigínnigín.

“Ẹ̀gbin pọ̀ ní ulé rẹ o,” Àǹtí ní. “Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́. Mi ò lè kó ẹja ìyàwó wa sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.”

Omi gbígbóná àti ọṣẹ ti pa gbogbo nǹkan tín-ín-tìn-ín inú rẹ̀. Mo wo ẹja méjì tó wà lẹ́sẹ̀ Bàbá, mo wo oúnjẹ àárọ̀ tí Bàbá ò fọwọ́ kàn. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Bàbá fọwọ́ pè mí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn.

“Má bá a wí,” wọ́n rọra sọ, kí Àǹtí má baà gbọ́. “Bí ìyá rẹ náà ṣe fọ tiwa nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Gbogbo ẹja wa kú. Títí ó fi lọ, mi ò sọ fún un pé òun ló pa wọ́n.”

Wọ́n ti kẹ́ẹ̀gì náà sọ́dọ̀ mi.

“Jẹ́ kí Àǹtí rẹ gbé wọn padà sínú bàsíà. Tún tìrẹ bẹ̀rẹ̀. Mo lè dúró.”

Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí n gé díẹ̀ fún àwọn nínú búrẹ́dì Àǹtí.