Ohùn Méjì Nínú Trọ́ńbóònù Kan

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ìkórè, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, níbi ìdánrawò ẹgbẹ́ afunfèrè, lẹ́yìn ilé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàpọ́n. Ẹnìkejì mi tó máa ń fun trọ́ńbóònù, fèrè idẹ gígùn tí a ń fà síwá sẹ́yìn, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ewékorò. Ààyè rẹ̀ tó ṣófo nínú orin dùn mí. Bí mo ti ń fun ohùn ìsàlẹ̀, mo fi ọ̀fun kọ ohùn tirẹ̀ sínú fèrè náà. Ohùn méjì jáde. Ìkẹta tí n kò pè tún ń kùn láàárín wọn.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ afunfèrè dá wa dúró. "Ta ló la trọ́ńbóònù ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó ní kí n lọ fi omi fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, ó tún dún bẹ́ẹ̀.

"Búrọ̀dá girájúéètì," ni ẹni tó ń lu ìlù ńlá wí, "ṣé ìwé tí ẹ kà ló há yín lọ́fun?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé pé kì í ṣe fèrè ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ọ̀gá wa ni mo fẹ́ fẹ́. Mo ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, n kò tíì ríṣẹ́. Fèrè yìí nìkan ni bàbá rẹ̀ fi mọ̀ mí. Inú mi dùn, ó bàjẹ́, ó tún dùn, kí n tó gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

Ọ̀gá tẹ́tí sí i títí. "Fun ún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Bó bá dùn, wá bá mi nílé. Mo mọ ohun tó ń gbé ọ kiri."

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n so ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ lù ní gbàǹjo sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo fun fèrè, mo kọrin sínú rẹ̀, ohùn náà gbọ̀n bí igbe ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì dá mi lóhùn. Mo dákẹ́, ó dákẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó gbè é. Ìjọ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wa fi ìwé orin bojú.

Nígbà tí gbàǹjo dé, òun fúnra rẹ̀ ló ra ewúrẹ́ náà. "Elégbè rẹ ti ń lọ sílé mi," ó ní. "Ìwọ náà máa bọ̀ ní Sátidé."

Kò sọ bóyá fèrè mi dùn. Ọmọ rẹ̀ ní kí n fi fèrè sílé, kí n fi ẹnu lásán tọrọ òun. Ẹnu lásán gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí n gbé fèrè lọ ni, àbí kí n fi sílé? Bí wọ́n bá sì gbé ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ síwájú mi ńkọ́, ṣé kí n jẹ ẹ́?