Ẹni Tó Bá Wọ Ọkọ̀ Wa, Á Gbọ́n Omi

"Ẹ jókòó," ni ìyá bàbá mi wí fún ọkùnrin náà. Kò jókòó. Ó fi bàtà aláwọ tẹ ìdí ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí èbúté bí ẹni tó ń fi ilé tuntun han ìyàwó, ọkọ̀ sì mì lọ sọ́tùn-ún, ó mì bọ̀ sósì. Èmi ti di etí ọkọ̀ mú bí akàn ti í di ìka mú. Lẹ́yìn wa ni èéfín ẹja yíyan ti ń bọ̀ láti ibi ààrò àwọn obìnrin. Níwájú wa ni ọ̀sà Ọ̀jọ́ tẹ́ lọ, ó dúdú, ó ń dán, kò sì síbi tí ọmọ bíi tèmi lè fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo kéré nígbà náà. Ilé wa wà ní Òkòkòmáíkò, níbi tí omi kò ti ju ti inú garawa lọ. Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi ni bàbá mi yóò gbé mi lọ bá ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà, ó ní kí n lọ mọ omi. Bí ìgbì kékeré bá ti lu ọkọ̀ báyìí, mo ti bẹ̀rẹ̀ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" nìyẹn. Màmá, bí mo ti ń pe ìyá bàbá mi, á ní, "Ọmọ Òkòkòmáíkò, omi ò tíì ṣe ọ́ ní nǹkan kan o. Fi àdúrà yẹn pamọ́ dìgbà tó bá ṣe ọ́."

Màmá ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá. Ìró àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀, kìpó, kìpó, bó ti ń wọ omi, tó ń jáde. Ọwọ́ wọn ń rùn èéfín àti edé gbígbẹ, kò sí ọṣẹ tó ká a. Èbúté yẹn ni gbogbo ayé wọn. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́, ibẹ̀ ni àwọn ará òdìkejì, Yorùbá àti Ẹ̀gùn, ń gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó ru ẹrù wọn lọ sí Ìyànà Ìbà. Ọkùnrin yìí wá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ti ra ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, òun fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí i ká, kí gbogbo wa palẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ wò ó láti ojú omi. Àwọn apẹja ti lọ, ọkọ̀ Màmá nìkan ló kù. Mo rò pé wọ́n á lé e dànù. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ wọlé."

Àlejò etí omi wa ní bó ṣe ń ṣe. Á kí èèyàn kó tó wo omi. Á bọ́ bàtà kó tó wọ ọkọ̀. Kò ní bi apẹja pé ẹja mélòó lo pa. Èyí tó ga jù ni pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wa, á gbọ́n omi, nítorí ọkọ̀ igi kì í ṣàì jò. Ẹni tó bá ti gbọ́n ọn, àlejò wa ni títí ayé, oúnjẹ rẹ̀ wà nílé wa. Ṣùgbọ́n àlejò kì í lé onílé.

Màmá fi ẹsẹ̀ ti ike tí wọ́n gé lórí láti fi gbọ́n omi sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. "Ọ̀gá, omi ń wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí ṣe é. Kí lẹ mú un wá fún?"

"Mo mú un wá kó wá máa bẹ̀rù. Ó sì ń ṣe é dáadáa."

Mo ti nawọ́ sí ike náà. "Gbé e sílẹ̀," ni Màmá wí, wọn ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wọ́n yọ àjẹ̀ kúrò nínú omi, wọ́n gbé e lé itan.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń sinmi. Àgbà ti dé sí mi."

Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tó máa jẹ ẹran tí wọ́n fi pamọ́ fún mi nílé.

"Màmá, mo lè kọ́lé búlọ́ọ̀kù fún yín ní Ìjanikin. Ẹ̀rọ omi á wà níbẹ̀."

"Omi yìí ò tó?"

"Ẹ ti dàgbà. Kí lẹ fẹ́ fi èbúté ṣe?"

"Àwọn tó sọdá láàárọ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ibo ni kí wọ́n gúnlẹ̀ sí, orí fẹ́ǹsì yín?"

Omi wọ inú bàtà aláwọ. Ó wo èbúté, ó jìnnà. Ó wo Màmá, wọ́n ń wo ẹyẹ. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó mú ike, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi. Àwọn obìnrin ìdí ààrò ti dìde, wọ́n fọwọ́ dí oòrùn lójú kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Màmá ti àjẹ̀ padà bọ omi. Bí a ti gúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ gba àlejò mi o. Ó ti gbọ́n omi wa." Wọ́n fún un ní ẹja gbígbóná, ó jẹ ẹ́, òróró ń kán sí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí mo bá wá ńkọ́?"

"Ilẹ̀ wo? A kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ yọ egungun yẹn kẹ́ ẹ tó mì."

Ó padà wá pẹ̀lú àwọn bíríkìlà. Màmá jókòó sí àárín ọ̀nà tó lọ sétí omi, wọn ò dìde. Bó bá ti la ẹnu, àwọn obìnrin á ní, "Àlejò, ẹ káàbọ̀, ara ilé ńkọ́?" Àwọn bíríkìlà rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn ó mọ fẹ́ǹsì rẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ó fi èbúté sílẹ̀. Bóyá ojú ló tì í, bóyá ó sú u, mi ò mọ̀.

Èbúté náà ṣì wà títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tín-ín-rín. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kó ọ̀rẹ́ wọn wá wo ọ̀sà, èmi ni wọ́n ń pè kí n tọ́ wọn sọ́nà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya àwọn obìnrin ìdí ààrò ní fọ́tò, kí wọ́n padà kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dé, kí wọ́n wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Tèmi, láti ilé ni mo ti ń wọ̀ ọ́, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Èrò ń bi mí bóyá omi ti ya wọ Ìyànà Ìbà ni.

Nígbà tí Màmá lọ, wọn ò fi ìgboyà sílẹ̀ fún mi, mi ò mọ ẹni tó jogún rẹ̀. Ohun tí mo rí gbà ni pé ẹni tẹ́rù ń bà náà lè jókòó síbi tó wà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀gá mìíràn dúró sí èbúté, ó bi mí pé ta ló ni ibí. Ohùn mi gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tójò pa. Mo ní, "Àwa ni." Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo tún un sọ. Ó ní òun ń padà bọ̀.

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ o. A wà ńlé."