Iyán Ẹnu Géètì: Bí A Ṣe Jà fún Yàrá Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ìkàrẹ́

Ní ọdún tí owó epo mọ́tò fò sókè lójijì, tí ènìyàn ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ra kóńgò gààrì kan, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, àwọn tísà ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọ̀kadà ti di ti olówó, ìyá sì ń mu omi sùn kí ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọbìnrin kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà ń kọ oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ìjà náà fi le. Ebi ń pa ìlú, àwa sì ń bẹ ìlú pé kó bá wa jà nítorí ọmọ tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́.

Tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti wà nínú ìjà ẹgbẹ́ olùkọ́ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mo ti sun iwájú sẹkitéríàtì, mo ti jẹ tíágáàsì, mo sì ní ẹnu, mi ò ní purọ́. Wọn kì í pè mí sí ìpàdé tí wọ́n bá fẹ́ kó tètè parí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ìjọba ló dédé ṣí yàrá yẹn fún yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìjọba kì í dédé ṣí nǹkan kan.

Jùmọ̀kẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Mo kọ́ ìyá rẹ̀ níwèé, mo sì kọ́ òun náà. Opó ni ìyá yìí, aránṣọ sì ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, ọlọ́gbọ́n ọmọ, tó máa ń na ọwọ́ sókè kí n tó béèrè ìbéèrè tán.

Ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣínu, Jùmọ̀kẹ́ kò ṣínu. Ó ní òun kò tíì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tán. Pásítọ̀ pè é jáde síwájú, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá wo àpẹẹrẹ, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀. Ìyá wo ló máa rí ọmọ tó ń gbààwẹ̀ tí yóò ní kó yé gbà á? Lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọ ọ̀kánjúwà la máa ń bá wí, ọmọ tó ń gbààwẹ̀ la máa ń yìn. Ìyìn la fi gba àìsàn náà wọlé. Ìyá dín yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, ó tún un dín. Nígbà tí kò sí ibi tí yóò dín mọ́, ó tú aṣọ náà palẹ̀, ó tún un gé. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ni kò tíì gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọmọ náà ṣubú lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà nílé ẹ̀kọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́ tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, kó máa jẹun déédéé. Kò pẹ́ tó tún ṣubú. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, dókítà ọ̀dọ́ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jókòó tì í, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, ó wá pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kì í ṣe inú ló ń ṣe ọmọ yìí, ọkàn ni, oúnjẹ ló fi ń bá a jà. Ó ní àìsàn tó ń pa ènìyàn ni, ó ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ nítòsí. Kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ.

Bí Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ṣe gbọ́ ọpọlọ báyìí, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó jáde. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìlú yìí. Bí wọ́n bá rí ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀kan ní irú ibẹ̀, ìdílé wo ni yóò wá tọrọ rẹ̀ lọ́la?

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé yàrá wà. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn kan náà, wọ́n ti kọ́ ilé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti wá, wọ́n ti gé rìbọ́nì, wọ́n ti mu mínírà, wọ́n ti ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, wọ́n fi àgádágodo tì í. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àga tó ṣẹ́ àti kánópì ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ìlera nígbà náà. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi tútù, ó ní kí n ní sùúrù. Mo sọ fún un pé inú sùúrù ni mo darúgbó sí.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ṣí yàrá náà. Kí dókítà ọpọlọ máa wá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ náà, kí ọmọ lè wọlé kó sọ ohun tó ń ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní wèrè. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹlẹgbẹ́ wọn kan tí ìrònú bò mọ́lẹ̀, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ti Jùmọ̀kẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè wá.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Àkùngbá la ti ṣèpàdé. Dàpọ̀ ni olórí wọn, ọmọ Òṣogbo kan tó ga, tó máa ń yára sọ̀rọ̀. Mo mú Jùmọ̀kẹ́ àti ìyá rẹ̀ dání; ìbẹ̀rù pé ọmọ rẹ̀ yóò tún ṣubú ló mú kí ìyá náà gbà láti bá mi lọ. Kí a tó dé, àwọn ọmọ náà ti pinnu: wọn yóò jókòó sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, wọn kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí wọn yóò fi ṣí yàrá náà. Wọ́n ti tẹ ìwé ìléwọ́ jáde, lẹ́tà gàdàgbà: A KÒ NÍ JẸUN. Bí àwa ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń ṣe é ọjọ́ ti pẹ́ nìyẹn. Bí a bá ti bínú sí ìjọba, oúnjẹ la kọ́kọ́ ń bá ṣọ̀tá.

Jùmọ̀kẹ́ mú ọ̀kan nínú ìwé náà, ó kà á. Mo ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kí ojú rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀," ó ní, "ẹ fi mí ṣe aṣáájú. Mo lè ṣe é ju gbogbo yín lọ."

Ọmọ yìí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ló ń sọ, inú rẹ̀ sì dùn sí i, ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Àìsàn náà ti rí ẹgbẹ́ tí yóò wọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, àwa yòókù yóò lọ sílé lọ jẹun, ṣùgbọ́n Jùmọ̀kẹ́ kò ní bá wa délé. Ìlú yóò sì tún pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á ya.

"A ó jẹun," mo ní. "Níbẹ̀ gan-an, lójú wọn. A ó gún iyán lẹ́nu géètì wọn títí wọn yóò fi ṣílẹ̀kùn."

Dàpọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìwọ́de ni mò ń sọ ni àbí ìkómọ. Mo ní tó bá mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń tú àwọn tó ń jẹun ká, kó kọ́ mi. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Jùmọ̀kẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó sunkún, ẹkún ìbínú, bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó sunkún tán ló ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wo àwo òun, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun pé kí òun jẹun, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun rù tàbí pé òun sanra.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ọmọ yìí ń béèrè lọ́wọ́ wa o. Àwa tí a ń fi "o mà rù" kí ara wa, tí a ń fi "o ti sanra, ara tù ọ́" yẹ́ ara wa sí. Àwa tí a kì í jẹ́ kí àlejò sinmi bí kò bá fọwọ́ kan oúnjẹ wa. Ó le ju kí a máa jà lọ. Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ sọ ọ́ di òfin, gbogbo wa sì gbà.

Àwọn àgbẹ̀ láti ìlú Ese fi iṣu ránṣẹ́, àwọn obìnrin Ìwàrò gbé odó wá. Dàpọ̀ tí kò di ọmọ odó mú rí gún iyán títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n bá wa jẹ, wọ́n sì ń gbé ìròyìn wa kiri láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Obìnrin kan tó ń kọjá rí Jùmọ̀kẹ́, ó lanu, ó ní, "Ọmọ yìí, o mà..." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bú sí orin tó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán an wò, orin ni. Ilé ìwòsàn ò sinmi lọ́jọ́ náà. Mi ò wo àwo Jùmọ̀kẹ́, mi ò lè sọ ohun tó jẹ tàbí tí kò jẹ. Mo mọ̀ pé ó jókòó láàárín wa, kò sì dìde.

Àwọn ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá wọn ní ìkórajọ wa kò bófin mu. Mo béèrè òfin tó ní kí arúgbó má jẹ iyán. Ó wo odó, ó wò mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń fọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá ìlera yẹn fúnra rẹ̀ wá. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó wá ní, "Màmá, ẹ̀yin àgbà lẹ sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ebi ń pa ìlú. Ẹnu ẹni la sì fi ń kọ 'mi ò jẹ'. Ẹ bá wa bẹ ọmọ náà kó jẹun."

Mo ti fẹ́ dáhùn, ẹnu mi ti mú sásá. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ló dìde. Láti ìgbà tí a ti débẹ̀ ló ti ń fi gèlè bo ojú, kí ará àdúgbò má bàa mọ̀ ọ́n. Ó tú gèlè náà kúrò lórí.

"Ọ̀gá, èmi ni mo bí i. Wọ́n ní wèrè ni, mo sá. Wọ́n ní ẹni mímọ́ ni, mo jó. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ẹni mímọ́. Aláìsàn ni. Bí ẹnu lásán ló bá fi kọ oúnjẹ, èmi ni ìyá rẹ̀, ǹ bá ti bẹ ẹnu náà. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un."

Ọ̀gá náà ní kọ́kọ́rọ́ kò sí nítòsí, ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Àkúrẹ́. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ bá lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú táyà mọ́tò rẹ̀. Mo jókòó tì í. Àwọn obìnrin yòókù fi odó sílẹ̀, wọ́n wá jókòó yí mọ́tò náà ká. A kò bú u, a kò lu mọ́tò rẹ̀. A kàn jókòó ni. Kọ́kọ́rọ́ tó wà ní Àkúrẹ́ dé Ìkàrẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwa fúnra wa la kó àga ṣíṣẹ́ jáde, tí a gbálẹ̀, tí a nu fèrèsé. Dókítà ọ̀dọ́ yẹn gbé bẹ́ǹṣì kan wọlé, ó pe Jùmọ̀kẹ́, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Kí la jèrè? Dókítà ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Àwọn ọmọ ń wá láti Àkùngbá, láti Ọ̀kà, láti ibi tí n kò lérò. Jùmọ̀kẹ́ wà láàyè. Mi ò sọ pé ara rẹ̀ ti yá pátápátá, òun náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń borí, àwọn ọjọ́ kan wà tó ń ṣubú. Ó ti wọ yunifásítì, ó sì ń lọ sí yàrá náà láìfi gèlè bojú.

A pàdánù pẹ̀lú. Ọmọbìnrin kan wà ní Ọ̀kà tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kó wá, nítorí ohun tí ará ilé yóò sọ. A ti sin ín. Inú ń bí mi títí di òní, mi ò sì fẹ́ kó tán. Pásítọ̀ ìjọ wọn kò kí mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé kì í pe ọmọ tó ń gbààwẹ̀ síwájú mọ́, nítorí náà kó máa bínú lọ.

Gbèsè sì wà nílẹ̀. Wọ́n ti gbé dókítà ọpọlọ tó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí ibòmíràn, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ń dá a ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn ọmọ tó ń lo yàrá náà ń lọ sí Àkúrẹ́ láti lọ béèrè dókítà mìíràn, mo wọ aṣọ, mo mú ọ̀pá mi, mo jáde lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Jùmọ̀kẹ́ ló wá pàdé mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, ẹ bá wa jókòó sílé. Àwa la ṣàìsàn náà. Àwa la máa sọ ọ́."

Ó dùn mí. Mo ti pèsè ohun tí n ó sọ fún wọn ní Àkúrẹ́ láti àná. Mo ní ta ni yóò dá wọn lóhùn, ọmọdé bíi tiwọn? Ó ní bí wọn kò bá dá àwọn lóhùn lónìí, àwọn yóò tún lọ lọ́la, àwọn kò ní iṣẹ́ mìíràn tó ju kí àwọn wà láàyè lọ. Ó wọkọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi lọ.