Ta Ni Yóò Sin Mí?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tó bá mi ní Ẹ̀pẹ́, nítorí bí ẹlòmíràn bá ròyìn rẹ̀, iyọ̀ á pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé n kò bímọ, ìyàwó mi sì ti kú. Nígbà tí mo gba ìgbàgbọ́ ní Ìkòròdú, ẹ̀gbọ́n mi, olórí ilé wa, pè mí sójú gbogbo ẹbí. Ó ní kí n máa bá àwọn onígbàgbọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá kú, kò sí ọmọ ilé wa tí yóò fọwọ́ kan ọkọ́ láti gbẹ́ ilẹ̀ mi. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń wọ egungun rí?

Láti ọjọ́ náà, èmi tíṣà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n fi ọ̀la lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìsìnkú mi. Mo ra aṣọ funfun. Mo wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo tilẹ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ wò bóyá ó gba ẹsẹ̀ mi! (Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Eèrà ni mo bá níbẹ̀.) Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta nínú ìjọ ṣèlérí pé àwọn ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ náà. Mo rò pé mo ti borí ọ̀la.

Ni mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ra ẹja gbígbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Ìròyìn sì dé pé ogun ti ká Ìkòròdú mọ́, kò sí ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ lọ sọ́hùn-ún. Aṣọ mi wà ní Ìkòròdú, ilẹ̀ mi wà ní Ìkòròdú, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà wà nínú ogun. Òkú tó ni ètò náà ló wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń gbọ̀n!

N kò lè gbé igbá omi dé ẹnu. Ìyá Rábí, ìyá ìmàle tí mo dé sílé rẹ̀, ló ń gbé e fún mi. Ìjà ló lé òun náà kúrò l'Ékòó. Sàréè àwọn òbí rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Láràárọ̀ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò bi mí bóyá òní ni mo máa kú, kí òun má bàa fi ẹ̀kọ òun ṣòfò.

Lọ́jọ́ kẹfà, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bi í pé, bí mo bá kú sọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé.

“A ó sin ọ́ ni. Kí la tún fẹ́ fi ọ́ ṣe?”

Ó gbé igbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá gbé òkú ara mi kiri! Àdúrà kan ṣoṣo ni mo gbà: Olúwa, ẹ̀mí mi ti wà lọ́wọ́ rẹ, gba òkú mi pẹ̀lú, gbé e sí ibi tó bá wù ọ́. Mo sì sùn.

Ẹ má rò pé ibà náà lọ o. Ó ṣì ń bẹ̀ mí wò nírọ̀lẹ́. Ogun ò tíì tú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Òun ni mò ń gbàdúrà fún báyìí. Kò sí ohun tí ọwọ́ mi ká nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà mi kò já mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó fi ọkàn fún Ọlọ́run, kó má fi òkú ara rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi pa mọ́ fún un? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ọkọ̀ bá tún ń rìn. Bí ẹ bá wá tí ẹ kò bá mi, ẹ béèrè Ìyá Rábí. Yóò mú yín dé ojú sàréè mi, yóò sì fún yín ní ẹ̀kọ mu.