Ìgbín Mẹ́tàdínlógún Bàbá Ògúnjọbí

Tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Ògúnjọbí, ọdẹ Òkúkù, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Bàbá bá Mofolúwakẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mú bí ọmọ, lọ sí ìpàdé ní yunifásítì ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dìde, ó ní irú ìgbín kan ti parẹ́ pátápátá nínú igbó etí odò Ọtìn. Bàbá nawọ́ sókè lẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, sà. Mo rí i lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà yíjú sí wọn. "Níbo, Bàbá?"

"Nínú ọbẹ̀ ìyàwó mi."

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ò ti fẹnu kan ìgbín mọ́. Mofolúwakẹ́ ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí bí ìgbín ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran bí igbó ṣe ń tán lọ. Bàbá ló ń mú un wọgbó. Wọ́n á fi ọ̀dà èékánná kọ nọ́ńbà sára ìkarahun, wọ́n á dá ìgbín padà sídìí igi. Lọ́jọ́ ọjà Inísà, Bàbá bá ìgbín tó ní nọ́ńbà mọ́kànlélógójì lára nínú apẹ̀rẹ̀ Adétóun oníìgbín.

"Kó èyí kúrò lórí àtẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Bàbá, ìgbín náà ń lọ sílé ìwé?"

"Ọdún kejì rẹ̀ nìyí. Ọmọ tìẹ ńkọ́?"

Nígbà tí ọyẹ́ mú, iná ran wọ igbó. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sá bọ̀ ni Bàbá ń sá lọ. Ọwọ́ lásán ni Bàbá fi wa ìgbín jáde lábẹ́ ewé gbígbóná. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá dé ọsibítù ní Ìkìrun, èéfín ti ba àyà wọn jẹ́, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gba àpò ọdẹ lọ́wọ́ wọn.

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Aláìsàn ni gbogbo wọn. Tọ́jú wọn ṣáájú mi."

Mofolúwakẹ́ kó àwọn ìgbín náà sílẹ̀, ó kà wọ́n. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Méjì péré ló ṣì wà láàyè.

"Mélòó ló yè?" Bàbá bi í.

Ọmọ tó jẹ́ pé wíwá òótọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wo ojú Bàbá. "Gbogbo wọn ni, Bàbá."

Bàbá mi orí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dákẹ́.

Méjì náà ni Mofolúwakẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ò jẹ́ kó gbádùn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ jẹ́wọ́ fún Àpèkẹ́, ìyàwó Bàbá.

Màmá gbọ́ ọ tán. "Bàbá rẹ mọ̀. Bí o ṣe jáde lọ ra omi ni wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní, 'Ọmọ yìí ò mọ irọ́ pa rárá, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú.'"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, wọn ò sì tètè dìde níbi tí wọ́n jókòó sí.