Igi Mẹ́ta Tí Mo Kọ Ní Ọ̀kan

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, olùkọ́ rán mi lọ ka oríṣi igi tó wà nínú igbó kan lẹ́yìn abúlé Jápàrà. Bàbá agégẹdú kan ló mú mi wọgbó. Bàbá á fi àdá ha èèpo igi, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì dárúkọ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ní igi mẹ́ta kan tí ewé wọn jọra kì í ṣe irú kan náà. Òjò ti ṣú. Mo fi ìkanra sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọ̀kan náà ni," mo sì kọ ọ̀kan.

Bàbá ti kú. Igbó náà ti di oko kòkó. Èmi náà ti di olùkọ́, iye tí mo kọ lọ́jọ́ náà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń lò. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ó dín méjì.