Kò Sí Ìkúnlẹ̀ Nílé Ẹ̀kọ́ Wa

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò jìnnà sí Agbowa, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ń gé tà fún àwọn ará Èkó. "Íntánáṣọ́nà" wà lára orúkọ rẹ̀. Àsíá orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ àjèjì tí a ní kò ju àwọn ọmọ Íńdíà mélòó kan lọ, tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ní Ìkòròdú. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ oṣù tó ń gbé inú ẹ́sítéètì ni àwọn yòókù, àwọn òbí tó ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ wọn àfi ọjọ́ Sátidé. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtamaga ni èmi náà ń gbé, mo mọ ohun tí ojú ọ̀nà yẹn ń fi ojú èèyàn rí.

Lọ́dún kan, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa lọ sí ìpàdé lókè òkun, ó sì mú ọ̀rọ̀ tuntun bọ̀: gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò dà bí àlejò láàárín wa. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fi mí sí i. A pinnu pé kí á máa gba ọmọ àwọn ará àdúgbò àti ti ìlú tó yí wa ká lọ́fẹ̀ẹ́, kí ilé ẹ̀kọ́ náà má baà jẹ́ ti olówó nìkan. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mú ti ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ wá. Ó ní nǹkan àtijọ́ ni, pé ó ń rẹ ẹnì kan sílẹ̀, ó ń gbé ẹnì kan lékè. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọmọ yóò dúró ṣánṣán, yóò wo àgbà lójú, yóò na ọwọ́, yóò sì kí i lédè òyìnbó.

"Ṣebí àwọn baba wa náà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà," ó wí, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀.

Wọ́n fi máàkì sí i nínú káàdì ìdánwò, wọ́n pè é ní ìgboyà. Ọmọ bíbí Ìgbògbò ni ọ̀gá yìí o. Àyà ló fi ń kanlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láràárọ̀ nígbà tó wà ní kékeré, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa.

Ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, kíláàsì mi ni wọ́n sì fi í sí. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, arúgbó kan tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà. Orí ọmọ náà pé. Bí mo bá kọ ìṣirò sójú bọ́ọ̀dù, á ti ṣe é tán kí àwọn ọmọ ẹ́sítéètì tó rí bírò wọn. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Láràárọ̀ lẹ́nu géètì, orúnkún rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kó tó rántí òfin. Á fò dìde, á na ọwọ́, á sì máa wo bàtà ẹni tó ń kí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí káàdì ìdánwò jáde, ó gba òdo nínú ìgboyà. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni pé ọmọ tó bá gba òdo níbikíbi yóò padà sílé. Ẹ̀pẹ́ ló máa padà sí, sí ìdí èéfín ẹja.

Inú bí mi, mo sì bá inú bíbí náà lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Mo rán wọn létí àwọn ọmọ Íńdíà wa. Bí bàbá wọn bá wá mú wọn lọ sílé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá rí i, ó gbádùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ títí dòní.

"Tiwọn yàtọ̀, Àǹtí," ọ̀gá dáhùn. "Àṣà wọn nìyẹn."

"Tiwa wá ńkọ́, sà?"

"Ẹ má bínú jù. Àwa la fẹ́ gbé ọmọ yìí sókè."

Mo sọ fún un pé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé èèyàn sókè kọ́kọ́ wo ibi tó ti dì í mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni pé ọ̀gá yóò tún ọmọ náà dán wò ní ọ́fíìsì rẹ̀, lójú alágbàtọ́ rẹ̀. Bó bá wo òun lójú tó sì bọ òun lọ́wọ́, yóò gba máàkì, yóò sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣe é, ó parí nìyẹn.

Mo wá ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti lu aago ìparí, àwa méjèèjì á dúró sí kíláàsì.

"Wò mí."

Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Ojú ni mo ní kí o wò."

"Mà, màmá àgbà ní ẹni tó bá ń wo àgbà lójú, ó fẹ́ bá a jà ni."

"Òótọ́ ni màmá sọ. Ilé nìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ nìyí."

"Tí màmá bá wà níbẹ̀ ńkọ́, mà?"

Mo ní kó máa wo òkè imú mi, níbi tí irun ojú méjèèjì ti fẹ́ pàdé, pé ẹni tí a ń wò kì í mọ ìyàtọ̀. Ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Bó ṣe ń pẹ́, ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè imú, ó bọ́ sínú ojú mi. Ojú tó mọ́ ni, ó dá dúró. Mo rò pé a ti ṣe é.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò ni pé ìyá àgbà kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo rẹ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé òfin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, àwọn ìgbìmọ̀ tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà bí àlejò ló sì kọ ọ́. Gbogbo ohun tí arúgbó náà gbọ́ ni pé ilé ẹ̀kọ́ ń pè é, pé wọ́n lè lé ọmọ náà.

Ó dé pẹ̀lú ìborùn funfun lórí, ó gbé ẹja yíyan sínú ike wá fún ọ̀gá. Òórùn ẹja náà gba ọ́fíìsì kan. Ọ̀gá tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," ó sì padà sẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ òun kó ìdọ̀tí bá a. Mo ní kí ọmọ náà wọlé.

Kò kúnlẹ̀. Ó kọjá níwájú ìyá àgbà, ó lọ dúró ṣánṣán níwájú tábìlì, ó wo ọ̀gá lójú tààrà, ó na ọwọ́, ó sì kí i lédè òyìnbó. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ti dìde, ó ti ń na ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀, nígbà tí ìyá àgbà fi igbe ta.

"Astagfirulláì! Ta lò ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, arúgbó náà ti kúrò lórí àga, ó ti kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá tíṣà. Ẹ forí jì í nítorí Ọlọ́run. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí, ẹ má lé e."

Ó yẹ kí ọ̀gá ṣàlàyé fún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó o nínú wa. Ṣùgbọ́n ìyá tó tó ìyá tó bí i lọ́mọ ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ yẹn, ọmọ Ìgbògbò kan kò sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ wo irú rẹ̀. Ó sáré yípo tábìlì, ó sì nà gbalaja sílẹ̀, tòun ti kóòtù àti táì.

"Háà, Màmá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú!"

Èmi náà ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Àgbà kúnlẹ̀, ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí màá dúró? Ìyá àgbà ní òun ò ní dìde àfi bí wọ́n bá forí ji ọmọ òun. Ọ̀gá ní òun ò ní dìde àfi bí màmá bá kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ń bẹ ara wọn nílẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí gbogbo wa lórí.

Ọmọ náà nìkan ló wà lóòró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú, kò sí ẹni tó gbà á. Ó yíjú sí mi. Kì í ṣe òkè imú mi ló wò, inú ojú mi gan-an ni, mo sì mọ ohun tó ń bi mí: ṣé òun yóò padà sílé ni àbí òun yóò dúró? Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá àgbà. Ó wá ohun tí yóò fi gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ tó nà yẹn ló sún mọ́ ọn jù. Ó dì í mú. Ọmọ náà fà á dìde, ó fi í sórí àga, ó sì tún na ọwọ́ kan náà sí ọ̀gá nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò ó lójú. Ọ̀gá gba ọwọ́ náà. Ó dìde, ó gbọn táì rẹ̀.

Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ pé ọmọ náà ti yege.